Ọkọ̀-Ilé Tó Gbé Mi Padà sí Kétu

Ẹ̀rín ni Ìbàdàn fi pàdé mi. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Agbowó, mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń ṣe fọ́tókópì, ọ̀nà ilé tí Sídónì, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń gbé. Ó ti dá mi lójú pé èdè kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Yorùbá ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá ni ìyá mi fi tọ́ mi ní Kétu, lódìkejì ibodè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe la ẹnu, ọmọbìnrin náà wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín yẹn. Irú èyí tí èèyàn ń rín sí ọmọ kékeré tó ń sọ̀rọ̀ àgbà ni. Ó júwe ọ̀nà fún mi dáadáa, ó tilẹ̀ sìn mí dé ẹnu géètì. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

N kò ní fi bí mo ṣe rin ìrìn náà dá yín dúró. Ọ̀nà Kétu sí Ìbàdàn kò jìn títí. Ẹni tó bá tètè jí lè dé kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tí mo fi sílẹ̀ ló jìn. Nílé, olùkọ́ ni mí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà àti ìṣirò ní èdè Faransé, nítorí Faransé ni ìjọba tiwa ń lò. "Màdáàmù" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, àwọn ọmọ á sì dìde lórí eré tí wọ́n bá rí mi tí mò ń kọjá. Ṣùgbọ́n owó oṣù wa kì í wọlé déédéé, ìgbà mìíràn wà tí kì í wọlé rárá. Sídónì, tó ń dirun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, ló ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀, pé ilé ìwé aládàáni kún Ìbàdàn bí ẹní da yanrìn, wọ́n sì ń wá olùkọ́ Faransé lójú méjèèjì.

Ilé ìwé kan ní Bódìjà ní kí n wá kọ́ kíláàsì kan kí àwọn wò mí. Obìnrin tó ni ilé ìwé náà jókòó sí ẹ̀yìn. Mo kọ́ àwọn ọmọ náà bí mo ṣe máa ń ṣe nílé: mo mú wọn kọrin, mo mú wọn dìde, wọ́n sì ń tẹ̀ lé mi. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan ní ọ̀rọ̀ kan kò yé òun, kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi béèrè. N kò ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè fi dá a lóhùn, ni mo bá fi Yorùbá Kétu ṣàlàyé. Àwọn ọmọ náà yíjú wo ìyá onílé ìwé, torí èèwọ̀ ni Yorùbá ní kíláàsì wọn, ẹni tó bá sọ ọ́ máa ń jìyà ni. Obìnrin náà rọra dìde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n pè mí ní Màdáàmù, wọ́n ní àwọn máa pè mí. Mo ń gbé fóònù mi káàkiri bí ẹyin fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọn kò pè. Ilé ìwé kejì àti ìkẹta kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dé inú kíláàsì.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà Sídónì ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Mùfú ní àdúgbò Challenge. Iṣẹ́ ara ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: wọ́n ń jó irin, wọ́n ń kun ọ̀dà, wọ́n sì ń rán aṣọ àga. Ẹni tó ń rán aṣọ àga fún wọn ti kó lọ sí Èkó. Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà tó wà nítòsí ilé wa ní Kétu ti kọ́ mi ní ìránṣọ nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, ẹ̀rọ kò sì ṣàjèjì sí mi. Ọ̀gá Mùfú gbé àga bọ́ọ̀sì kan síwájú mi. Nígbà tí mo rán an tán, wọ́n jókòó lé e, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe di aránṣọ àga ọkọ̀ nìyẹn.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ mí ní Kútọnu. N kò gbé Kútọnu rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé ibẹ̀ láyé mi, oòrùn sì mú mi débi pé n kò rántí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lójú wọn, gbogbo ẹni tó bá ti òdìkejì ibodè wá, Kútọnu ni. Mo ń jẹ́ ẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé nílé, a gbà pé ẹ̀ka ìdílé kan náà ni wá pẹ̀lú Ọ̀yọ́, pé igi kan náà ni wọ́n fi ààlà là sí méjì. Ìtàn yẹn ni mo gbé wá bí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, kò sì sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ń wọn fóòmù àga, nọ́ńbà ń gba Faransé jáde lẹ́nu mi. Mo kọ́ láti máa kà á sínú kí wọ́n má baà gbọ́.

Èmi àti ìyá mi kò ní ìjà. Fóònù ló dá ohun tó wá wà láàárín wa sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo ti pè wọ́n, mo ní mo wà ní Agbowó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì. Nẹ́tíwọ̀kì ń já. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, yunifásítì nìkan ló dé etí wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹni tó wà nítòsí, tí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ, lẹ́yìn náà ló gé. Nígbà tí mo máa tún pè, mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Challenge, eruku fóòmù wà nínú irun mi. Wọ́n ní àwọn ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé gbogbo ẹgbẹ́ ìyá bá àwọn jó dé iwájú pẹpẹ, torí pé ọmọ àwọn ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ní, "Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, èyí ni àkọ́kọ́ ohun tí mo lè fi dìde dúró láàárín ẹgbẹ́ mi."

Mo sọ fún ara mi pé màá sọ òótọ́ nígbà mìíràn. Ìgbà mìíràn dé, ó lọ, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Wọ́n á béèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, màá ní wọ́n wà dáadáa, màá sì máa wo àwọn àga tó tò sí ògiri níwájú mi.

Ọdún kejì tí mo ti wà ní Challenge ni ọkọ̀-ilé náà wọlé. A kò rí irú rẹ̀ rí. Bọ́ọ̀sì funfun gíga ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe inú rẹ̀ bí ilé: ibùsùn wà lẹ́yìn, sítóòfù gáàsì àti ibi ìfọwọ́ wà lágbedeméjì, ilé ìwẹ̀ kan wà tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, àga gígùn méjì sì dojú kọ ara wọn, èyí tí èèyàn lè tẹ́ pọ̀ di ibùsùn kejì. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà ìjọba ló ni ín. Bàbá Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bódìjà ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn, tí àwa ń pè ní Mọ́mì, ẹni tó ti jẹ́ olórí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Òkè Àdó kí àwọn náà tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè máa lọ wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn sìn.

Wọ́n sì ń lọ lóòótọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, wọ́n á kó oúnjẹ àti omi sínú rẹ̀, ó di Ìkògòsì, ó di Jọs, ó di òkè Òbúdú. Tí wọ́n bá dé, ọ̀dọ̀ wa ni ọkọ̀ náà máa ń wá gbàtọ́jú. Ìlú òtútù ni wọ́n ti ṣe é, oòrùn wa kò sì mọ̀ ọ́n. Lẹ́dà àga rẹ̀ ń ṣí bí awọ ẹja. Gọ́ọ̀mù tó dí ojú òrùlé rẹ̀ ń là, òjò ń gba ibẹ̀ wọlé. Táyà rẹ̀ ń sán nítorí ìdúró sójú kan, eku sì jẹ wáyà iná rẹ̀ ní ọdún kan tí wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ilé ní Bódìjà. Bàbá á dúró ti Ọ̀gá Mùfú, wọ́n á máa ka ohun tó ń ṣe é bí ẹni gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Díẹ̀díẹ̀ ni a sọ ọ́ di ará ilé. Wọ́n gbé sólà sórí rẹ̀, wọ́n yí bátìrì padà, wọ́n fa fáànù sókè ibùsùn. Èmi yọ gbogbo lẹ́dà rẹ̀ dànù, mo fi aṣọ tó nípọn tó sì ń mí rọ́pò rẹ̀, mo rán nẹ́ẹ̀tì sí gbogbo fèrèsé, mo sì ṣe àpò sára ògiri fún ife àti ìwé Mọ́mì.

Ibùsùn ẹ̀yìn ni mo fi gba orúkọ. Igun rẹ̀ kan wọ́, kò sí fóòmù ọjà tó bá a mu, ẹ̀yìn Bàbá sì máa ń ro wọ́n tí wọ́n bá ti sùn lórí rẹ̀. Mo gé fóòmù líle sí abẹ́, rírọ̀ sí òkè, mo gbẹ́ igun náà títí ó fi wọlé wọ́ọ́. Nígbà tí wọ́n ti Jọs dé, Bàbá bọ́ sílẹ̀ láàárín gbogbo mẹkáníìkì, wọ́n béèrè orúkọ mi gan-an, wọ́n sì fi orúkọ náà kí mi. Ọjọ́ náà dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ pe ìyá mi láti sọ fún wọn, kí n tó rántí pé kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́.

Mọ́mì máa ń jókòó lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ ìbòji nígbà tí Bàbá bá ń bá Ọ̀gá Mùfú sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi, ó sì ṣe wọ́n láàánú, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Wọ́n á mú abẹ́rẹ́ sókè, wọ́n á sọ orúkọ rẹ̀, màá sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n á mú sísọ́ọ̀sì. Tí mo bá ṣì í sọ, wọn kì í bínú, wọ́n á fi mí sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì gba ọ̀nà mìíràn padà wá sórí ọ̀rọ̀ náà. Mo mọ ọgbọ́n yẹn. Èmi náà ti lò ó fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì lè di ṣọ́ọ̀kì mú. Mo ń wò wọ́n, mo ń rò ó pé ìgbà yìí ló yẹ kí n sọ ọ́, pé Mọ́mì, olùkọ́ lèmi náà. N kò sọ ọ́. Aránṣọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣàjèjì ní Challenge. Olùkọ́ tó di aránṣọ ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí, torí pé wọ́n á béèrè bó ṣe ṣubú.

Bí ìtìjú ṣe pín mi sí méjì nìyẹn. Ní Ìbàdàn, ohun tí mo ti jẹ́ ń tì mí lójú. Ní Kétu, ohun tí mo dà ni kò yẹ kí wọ́n gbọ́. Láàárín ìlú méjèèjì, n kò mọ èyí tí mo lè dúró sí kí n tú èémí mi sílẹ̀. Sídónì máa ń sọ pé mo ń ronú jù, pé ẹni tó bá ń jẹun kò gbọdọ̀ máa bi oúnjẹ léèrè ibi tó ti wá. Orí èèyàn ni òun náà ń dì láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo Kétu sì mọ̀. Kò ní nǹkan kan láti fi pamọ́, bí kò ṣe àṣírí tèmi tí mo bẹ̀ ẹ́ kó pa mọ́, oorun rẹ̀ sì máa ń dùn.

Ọjọ́ kan nígbà òjò ni Bàbá dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ní àwọn ti rìn Nàìjíríà tó, pé ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, àwọn máa sọdá ibodè, àwọn máa gba Kétu lọ sí etí òkun. Mọ́mì di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní èmi ni màá ṣe ògbufọ̀ fún àwọn, àti pé ilé ìyá mi ni àwọn máa kọ́kọ́ dúró sí, kí àwọn lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bí mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú ọ̀tá wo ọkọ̀ náà. Mo mọ̀ pé kò lè lọ bí kò bá tíì sàn, mo sì ń gbàdúrà kó má sàn. Tí òjò bá ń rọ̀, màá gun inú rẹ̀, màá máa wo òrùlé bóyá omi á jò. Omi jò lóòótọ́. Pákó abẹ́ ibùsùn ti ń jẹrà, Ọ̀gá Mùfú sì ní iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ṣùgbọ́n wọ́n gé pákó tuntun sí i, wọ́n fá gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n fi tuntun dí i. Wọ́n ra táyà. Wọ́n fọ táǹkì omi. Gbogbo ohun tó ń dára lára ọkọ̀ náà ń sún mi mọ́ Kétu. Ó wá ku kọ́tìnì fèrèsé tó jẹ́ iṣẹ́ tèmi nìkan, mo sì rán an, mo tú u, mo tún un rán, títí Ọ̀gá Mùfú fi béèrè bóyá ara mi kò yá.

Mo pe ìyá mi kí a tó gbéra. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Wọn kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu Sídónì pé mò ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà kan láti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ ìyá sì ti pinnu pé àwọn máa wá pàdé wa. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ̀gá mi ní yunifásítì pé ilé wa kò tóbi. Mo ní, "Wọn kì í ṣe ọ̀gá yunifásítì, Màmá." Wọ́n ní ẹni yòówù kí wọ́n jẹ́, àlejò ni wọ́n. Mo ní ó dáa.

Ọ̀sán la wọ Kétu. Àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà láti ìta gbangba títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá mi dúró níwájú ilé nínú aṣọ búlúù ẹgbẹ́ wọn, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ sì wà lẹ́yìn wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ pátápátá bí ọkùnrin, kí n tó ronú pé ìkúnlẹ̀ ló yẹ mí. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú mi. Nígbà tí mo kí àwọn obìnrin náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ gbọ́ bí ará Ìbàdàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ahọ́n tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rín mi ní Agbowó, òun kọ́ ni mo gbé padà wá sílé.

Wọ́n gbé àga fún Bàbá àti Mọ́mì. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì. Bí ìyá mi ṣe dìde, wọ́n kọjú sí ẹgbẹ́ wọn láti fi àlejò hàn. Ohùn wọn lọ sókè.

"Àwọn àlejò ọmọ mi nìyí, láti yunifásítì tó ti ń kọ́ni."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó fẹ́ tún àṣìṣe kékeré ṣe. Ohun rere ni wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n ní, "Rárá o, Mà. Ẹ̀bùn ọwọ́ ọmọ yín ju ìyẹn lọ. Òun ló ń rán aṣọ àga ọkọ̀ wa ní Challenge. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ kàn nínú ọkọ̀ yìí, òun ló rán an."

Ìyá mi kò wò mí. Wọ́n ń wo Mọ́mì, ẹ̀rín tí wọ́n ti rín tẹ́lẹ̀ sì wà lẹ́nu wọn síbẹ̀, kò mọ ibi tó máa lọ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, tí a ń pè ní Ìyá Kólẹ́ẹ̀tì, wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Bàbá Ẹnjiníà ló fura. Wọ́n dìde wéré, wọ́n ní kí gbogbo ìyá wá wo inú ilé tí àwọn gbé lẹ́yìn wá. Àwọn obìnrin náà wọlé ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n ń jókòó lórí àwọn àga mi, wọ́n ń tẹ fóòmù wò. Wọ́n ń yìn ín. Ìyá mi kò wọlé. Wọ́n ní ọbẹ̀ wà lórí iná.

Mo bá wọn lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo kúnlẹ̀ sínú eérú níbẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ń ro ọbẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"O máa wọ ọkọ̀ lọ lọ́la," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo máa jí láàárín wọn."

Mo ní fóònù ló gé lọ́jọ́ náà, pé n kò sọ pé mò ń kọ́ni.

"Mo mọ̀ pé o kò sọ ọ́. O gbọ́ tí mò ń sọ ọ́. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá ti mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún wọn. Aránṣọ kì í ṣe olè. Ní báyìí, èmi ni òpùrọ́ ní ìlú tí wọ́n bí mi sí."

Wọ́n ní kí n dìde, kí n gbé oúnjẹ fún àlejò.

A sùn sínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní àárọ̀, ìyá mi di gààrí fún Mọ́mì, wọ́n gbàdúrà fún ìrìn àjò wọn, wọ́n gbá orí mi mú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀. A lọ dé etí òkun, mo ṣe ògbufọ̀ ní gbogbo ibi tí a dé, Faransé mi sì ń dán lẹ́nu mi bí owó tuntun. Ó yẹ kí inú mi dùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ń pè mí ní Màdáàmù, mo sì ń fẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ ni Mọ́mì fi ìjókòó iwájú sílẹ̀, wọ́n wá jókòó tì mí lẹ́yìn. Ìyá Kólẹ́ẹ̀tì ti sọ fún wọn ní Kétu pé èmi ni mo kọ́ ọmọ òun ní ìwé kíkà.

"Mò ń mú abẹ́rẹ́ sókè fún ọ," ni Mọ́mì wí. "Mò ń mú sísọ́ọ̀sì sókè. Kí ló dé tí o jẹ́ kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní ojú ló ń tì mí. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn náà báyìí, pé àwọn lọ sí ilé ìyá mi, àwọn sì tú àṣírí síta níbẹ̀ láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí òrùlé páànù Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, Mọ́mì kò wá sí Challenge fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bẹ́ńṣì wọn wà lábẹ́ ìbòji, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gbé táyà lé e. N kò mọ̀ pé màá fẹ́ kí ẹnìkan tún wá kọ́ mi ní orúkọ abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n padà wá, ìwé ìtàn àwọn ọmọdé kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mú wá, wọ́n ní kí n máa kà á fún àwọn, wọ́n sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi dípò iwájú mi. Ó rọrùn díẹ̀. Kò rọrùn tán.

Ìyá mi kì í sábà gbé fóònù mọ́. Tí wọ́n bá gbé e, wọ́n á ní àwọn wà lọ́nà oko, tàbí pé oòrùn mú. Sídónì gbọ́ pé wọn kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, pé ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì máa ń jáde kí ìkéde tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó níwájú. Mo máa ń rí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ níwájú yẹn lójú inú mi tí mo bá ń rán nǹkan lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ sì ti gún mi nítorí rẹ̀. Ẹni tó kúrò nílé lè gbé ìtìjú rẹ̀ pamọ́ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó dúró sílé ni kò ní ibi tó máa gbé tirẹ̀ sí. Èyí ni mo kọ́ ní àjò mi, kò sì sí ilé ìwé tí mo lè ti fi kọ́ àwọn ọmọ.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e dé. Gọ́ọ̀mù òrùlé tún là, wọ́n sì gbé ọkọ̀-ilé náà wá. Mo wà nínú rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ sídìí ibùsùn ẹ̀yìn, mò ń fa fóòmù tó ti gba omi jáde, nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Omi fóòmù wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ohùn wọn lè jáde síta.

Wọn kò kí mi. Wọ́n ní, "Mo wà ní ìpàdé. Mo ti gbé fóònù sórí tábìlì, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń gbọ́ ọ. Sọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe fún wọn."

Mo gbọ́ tí àwọn àga ń dún níbẹ̀, tí ẹnìkan ń wúkọ́. Níta ọkọ̀, òòlù Ọ̀gá Mùfú dákẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn tó wà níta náà ń gbọ́. Mo rò ó pé mo lè pa fóònù, kí n ní nẹ́tíwọ̀kì ló já. Ìyá mi ń dúró.

Mo ní, "Mò ń rán aṣọ àga ọkọ̀. Ní Ìbàdàn, ní Challenge. Ìyẹn niṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. N kò kọ́ni ní yunifásítì rí."

Yorùbá Kétu ni mo fi sọ ọ́, n kò mọ ìgbà tó padà sẹ́nu mi.

Ìyá Kólẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ béèrè bóyá iṣẹ́ náà dára, bóyá ó ń bọ́ mi. Ẹlòmíràn fẹ́ dáhùn, mo sì gbọ́ tí ìyá mi sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Ó dára, Mà," ni mo wí. "Ẹ̀yìn máa ń ro mí. Ṣùgbọ́n ó ń bọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ó tó," ni ìyá mi wí, n kò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bá wí tàbí àwọn ẹgbẹ́ wọn. "Ẹ jẹ́ ká bá ọ̀rọ̀ wa lọ." Fóònù kú.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, omi fóòmù ń ṣàn lọ sí orúnkún mi. Níta, òòlù tún bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ rọra, lẹ́yìn náà ó le. Kò sí ẹni tó pè mí, kò sí ẹni tó yọjú wò mí lójú fèrèsé. Mo nu orúnkún mi, mo fa fóòmù yòókù jáde, mo sì gbé e síta sínú oòrùn, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí mi.